Ohun tí tákù kan ń náni: ìrírí mi nídìí rọ́gbì líìgì àwọn obìnrin

Àwọn tó ń kọjá ní Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta láàárọ̀, tí wọ́n bá rí àwọn obìnrin tó ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀, ìbéèrè méjì ni wọ́n máa ń bi wá. Àkọ́kọ́: ṣé ìjà ni? Èkejì: èló ni wọ́n ń san fún yín? Èyí èkejì ló gbọ́n jù, torí ọ̀rọ̀ owó ló bí eré náà. Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 1895, àwọn ẹgbẹ́ rọ́gbì ìhà àríwá ilẹ̀ England pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì George ní Huddersfield, wọ́n sì ya kúrò lára àwọn yòókù. Awakùsà àti òṣìṣẹ́ ilé ìhunṣọ ló pọ̀ nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ Sátidé sílẹ̀ wá sórí pápá, owó ọjọ́ yẹn ti wọmi, àwọn aláṣẹ eré kò sì gbà kí ẹgbẹ́ rẹ̀ san án padà fún un. Ohun tó fa ìyapa nìyẹn: eré àwọn tó ya kúrò ló di rọ́gbì líìgì, ti àwọn yòókù ni rọ́gbì yúníọ̀n. Obìnrin tó bá fẹ́ fi rọ́gbì líìgì ṣiṣẹ́ lónìí, ìṣirò kan náà ló ń ṣe: kí ló ń wọlé, kí ni ara ń san jáde?

Àwọn ọmọdébìnrin tó fẹ́ wọ inú iṣẹ́ yìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kí ẹ̀yin àgbà tó ń kà á má bínú pé "ìwọ" ni mò ń lò.

Ọ̀pọ̀ wa ní Nàìjíríà, rọ́gbì yúníọ̀n la kọ́kọ́ mọ̀, pàápàá ti ẹlẹ́ni méje. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ wá ní ohun kan tó gbọ́dọ̀ gbàgbé. Ní yúníọ̀n, tí wọ́n bá ti gbé ọ lulẹ̀, o ní láti jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù, kí tọ̀tún tòsì jà á gbà lórí rẹ. Ní líìgì, tìrẹ ṣì ni. O máa dìde, o máa kọjú sí ilé àwọn tó ń bá yín ta kàn-án-gbọ̀n, o máa gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, o máa fi ẹsẹ̀ yí i sẹ́yìn fún ẹnìkejì rẹ. Tákù kan, ìyẹn mímú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, ti kọjá nìyẹn. Mẹ́fà péré ni ẹ ní. Tí wọ́n bá mú yín lẹ́ẹ̀kẹfà, bọ́ọ̀lù di tiwọn, ìdí nìyẹn tí a fi máa ń gbá a jìnnà lẹ́yìn ìkarùn-ún. Mẹ́rin ni òǹkà yìí nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ní 1966, ó di mẹ́fà ní 1972. Èèyàn 13 ló ń wà lórí pápá fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tráì, ìyẹn kí o fi bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀ lẹ́yìn ìlà ilé wọn, jẹ́ àmì 4, èyí tí a gbá sáàárín òpó lẹ́yìn tráì jẹ́ 2, pẹ́náítì 2. Ìyókù o máa kọ́ ọ lójú ọ̀nà.

Tákù ni ojúlówó iṣẹ́ náà, ibẹ̀ sì ni ara ti ń náwó jù. Àṣìṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ni pé ojú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù ló ń wò. Ojú ń tanni, èjìká ń tanni, ìbàdí kì í tanni: ibi tó kọjú sí ni olúwa rẹ̀ ń lọ. Ìbàdí ni kí o wò. Sáré tọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n tó bá ku bíi mítà méjì, gé ìṣísẹ̀ rẹ kúrú, bí ẹni ń tẹ amọ̀. Ẹsẹ̀ tó wà níhà èjìká tí o fẹ́ fi kàn án ni kí o tẹ̀ mọ́lẹ̀ sítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, tímọ́tímọ́. Ẹni tó bá dúró lókèèrè tó wá na ọwọ́ nìkan, èjìká ló máa yẹ̀ mọ́ ọn lára. Orúnkún ni kí o tẹ̀, má tẹ ẹ̀yìn. Gbé àgbọ̀n kúrò láyà, kí o lè máa rí ohun tó ń bọ̀.

Ti orí ló le jù. Ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ìdí ẹni tí o fẹ́ mú ni orí rẹ ń lọ, kò gbọdọ̀ ṣíwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ láéláé. Tó bá jẹ́ èjìká ọ̀tún lo lò, etí ọ̀tún rẹ ló máa lẹ̀ mọ́ ìbàdí rẹ̀. Tí orí bá ṣèèṣì bọ́ síwájú, orúnkún ẹni tó ń sáré bọ̀ á gbá ọ ní ẹ̀bátí. Nínú rọ́gbì, ẹni tó ń mú èèyàn ló ń fi orí gba ọgbẹ́ ju ẹni tí wọ́n mú lọ. Lẹ́yìn tí èjìká bá ti wọlé, fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra bí ẹni di igi, kí o fi ẹsẹ̀ tì í ní ìṣísẹ̀ kúkúrú mẹ́ta sí mẹ́rin. Ìwọ ló yẹ kó wà lókè nígbà tí ẹ bá balẹ̀.

Èèyàn kan kì í sábà dá tákù ṣe ní líìgì. Ẹni àkọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀, ẹnìkejì lọ síbi bọ́ọ̀lù láti há a mọ́ ọn láyà, kó má lè ju ú fún ẹlòmíràn, kí dídìde rẹ̀ sì falẹ̀. Ẹni kẹta ni mò ń bẹ̀rù. Tí èèyàn méjì bá ti di ẹnì kan mú lóòró, tí ẹni kẹta wá já lu orúnkún rẹ̀, ẹsẹ̀ tó ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ní ibi tó máa lọ, okùn inú orúnkún ló máa já. Rẹfirí á fìyà jẹ ẹni tó ṣe é. Ó kéré lójú mi.

Fún ìdánrawò, má fi ara èèyàn kọ́ gbogbo rẹ̀. Wá àpò ìrẹsì kílò 50 tó ṣófo, kí o lọ bá àwọn tó ń rán àga kí wọ́n fún ọ ní gígé fóòmù, pa á pọ̀ mọ́ àkísà, kí o kì í títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀. Àwọn kan máa ń da iyanrìn sí i kó lè wúwo. Iyanrìn á rọra sọ̀ sísàlẹ̀, á le bíi búlọ́ọ̀kù, èjìká ló sì máa san gbèsè rẹ̀. Fífi ara kan ara kò gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìṣẹ́jú 15 sí 20 lẹ́ẹ̀kan. Kóòṣì tó bá ní kí ẹ máa gbá ara yín lójoojúmọ́ ń ná owó tí kì í ṣe tirẹ̀.

Dídìde ni ohun tí kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni mo fi ń mọ ẹni tó máa pẹ́ nínú eré yìí. Tí o bá ti mọ̀ pé o ń ṣubú, yí ara kí o lè fi ìgbọ̀nwọ́ àti orúnkún balẹ̀, bí ọmọ tó ń rákò, bọ́ọ̀lù lábẹ́ àyà lọ́wọ́ méjèèjì. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ ti fún wọn ní ìsinmi ọ̀fẹ́. Kí rẹfirí tó parí ọ̀rọ̀ pé wọ́n ti mú ọ, kí ẹsẹ̀ kan ti wà lábẹ́ rẹ. Dìde tán pátápátá, kọjú síwájú, fi bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, kí o fi àtẹ́lẹsẹ̀ yí i. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìkánjú: bọ́ọ̀lù bọ́ síwájú, tàbí o gbé e sílẹ̀ nígbà tí orúnkún kan ṣì wà nílẹ̀, bọ́ọ̀lù á di tiwọn. Fi fóònù ka àkókò náà, láti ìgbà tí wọ́n mú ọ títí bọ́ọ̀lù fi yí. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni mo máa ń lé. Tó bá ti ju mẹ́rin lọ, àwọn tó ń ṣọ́ ilé ti tò, wọ́n ti mí kanlẹ̀, ìwọ lo sì máa lọ kàn wọ́n.

Ìdí tí mẹ́rin fi pẹ́ jù nìyí. Lẹ́yìn tákù kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ ilé, yàtọ̀ sí èèyàn méjì tó lè dúró síwájú bọ́ọ̀lù, gbọ́dọ̀ sá sẹ́yìn mítà 10, kí wọ́n tó tún sáré bọ̀. Tí o bá dìde kíá, o máa bá wọn níbi tí wọ́n ṣì ti ń fi ẹ̀yìn rìn. Tí tiyín bá kan ṣíṣọ́ ilé, ìyà kan náà ń dúró dè yín. Bí a ṣe ń kọ́ ọ rèé: fi okùn wọn mítà 10. Okùn gidi ni mo wí o. Èyí tí wọ́n fi ìṣísẹ̀ wọ̀n máa ń jẹ́ mẹ́jọ, á wá yà ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ ìdíje pé ilẹ̀ ti gùn sí i. Dọ̀bálẹ̀ pátápátá, dìde, sá sẹ́yìn dé ibi àmì, sáré padà, dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ìpele kan. Sinmi ìṣẹ́jú kan, tún un ṣe. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìpele mẹ́rin, kí o máa fi kún un títí yóò fi di mẹ́jọ. Má kọ ẹ̀yìn sí bọ́ọ̀lù pátápátá nígbà tí o bá ń sá lọ. Ẹ̀gbẹ́ ni kí o fi sáré, kí ojú wà lẹ́yìn.

Abẹ́ òkúta la ń gbé, òkúta náà kò sì jìnnà sí ìsàlẹ̀ pápá wa. Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹta, ilẹ̀ á gan bíi pèpéle. Bàtà tó ní irin mẹ́fà nísàlẹ̀, ilẹ̀ tó rọ̀ ni wọ́n ṣe é fún; lórí ilẹ̀ gbígbẹ, irin kò ní wọlẹ̀, ìwúwo rẹ á dá lé orí ibi mẹ́fà, ọrùn ẹsẹ̀ á sì máa yẹ̀. Èyí tó ní rọ́bà kúkúrú púpọ̀ nísàlẹ̀ ni kí o rà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tò ní ìlà kan, ẹ rìn láti etí pápá kan dé èkejì, ẹ ṣa òkúta, ẹ ṣa ìgò. Ẹ máa ṣe ìdánrawò láàárọ̀, láàárín 6:30 sí 8:30, tàbí kí oòrùn ti rọ̀ lẹ́yìn 4:30 ìrọ̀lẹ́. Wọn ara rẹ kí o tó gbá bọ́ọ̀lù àti lẹ́yìn rẹ̀: kílò kan tó bá dín, omi lítà kan ló sọ nù. Píọ́ wọ́tà méjì ni lítà kan. Ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ìdajì ṣíbí iyọ̀, kí orí ṣíbí tẹ́jú, ni à ń pò sínú rẹ̀. Tí iyọ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú á máa ru.

Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, ẹ bọ́ ọ. Yẹtí, òrùka, èékánná gígùn náà. Ẹni tó di irun gígùn kó ká a, kó dè é mọ́rí, torí apá tó ń wá jẹ́sì máa ń bá irun pàdé. Tó bá jẹ́ híjáàbù lo ń wọ̀, èyí tó fún mọ́rí tí kò ní pín-ìn-nì ni. Ike eyín, èyí tí wọ́n ń fi sínú omi gbígbóná kí o tó gé e jẹ kó lè gba ìrísí eyín rẹ, kì í ṣe ohun yíyá. Àti bíráṣíà tó dì dáadáa: ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ń sá fún tákù torí àyà tó ń dùn wọ́n, kóòṣì á sì máa pè é ní ojo.

Ní ti ọpọlọ tó mì, n kò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ẹni tó bá dìde tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí, tí kò mọ àmì tí ẹ wà, tí ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó ti parí lọ́jọ́ náà. Má fọ omi sí i lójú kí o tún tì í wọlé. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa ọrùn rẹ̀ tàbí fi òróró wọ́ ọ. Tó bá ń bì léraléra, tí orí fífọ́ ń le sí i, tí oorun ń gbé e lọ ṣáá, tí ọmọlójú kan tóbi ju èkejì lọ, ilé ìwòsàn tó ní dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ tàbí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán orí ni, kì í ṣe kẹ́mísìtì. Ní Australia, níbi tí dókítà wà létí pápá, ọjọ́ 11 ni NRL, líìgì rọ́gbì tó ga jù níbẹ̀, fi ṣe ìsinmi tó kéré jù fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ mì. Níbi tí a wà yìí tí kò sí dókítà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni tèmi, ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó wá ẹgbẹ́ mìíràn.

Orúnkún ni ọ̀tá obìnrin nínú gbogbo eré tó ní yíyí lójijì. Okùn tí wọ́n ń pè ní ACL máa ń já lára wa ju ti àwọn ọkùnrin lọ, nígbà míì láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn wá rárá: o fò, o fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀, orúnkún ya sínú. Tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀, oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan ni kí o tó padà. Ìṣẹ́jú 15 tó o bá fi gbóná ara ló lè dín ewu rẹ̀ kù: fífò kí o fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ jẹ́jẹ́ pẹ̀lú orúnkún tó tọ́ sórí ìka ẹsẹ̀, kí o tó wá ṣe é lórí ẹsẹ̀ kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kúnlẹ̀, kí ẹnì kan di gìgísẹ̀ rẹ mú, kí o rọra sọ ara síwájú láìtẹ ìbàdí, ẹ̀ẹ̀marùn-ún, lọ́nà mẹ́ta. Ẹ̀yìn itan á dùn ọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ bí ẹni tí wọ́n nà. Má ṣe é lọ́jọ́ tó ṣáájú ìdíje.

Láfún àti ewédú, oúnjẹ Ẹ̀gbá gidi ni, n kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni bú u. Ṣùgbọ́n agbára ìsáré ló ń fúnni, kò ní ohun tí iṣan fi ń tún ara rẹ̀ ṣe. Obìnrin kílò 70 tó ń gbá eré yìí nílò bíi gíráàmù 112 èròjà amúaradàgbà lójúmọ́. Ẹyin kan ní 6. Ẹ̀wà gbígbẹ gíráàmù 100 ní bíi 22. Ṣírò rẹ̀ kí o tó sọ pé o jẹun yó. Wàrà sóyà kò wọ́n, ẹja gbígbẹ náà ń ṣiṣẹ́. Nǹkan oṣù ń kó áyọ́ọ̀nù, èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀, lọ, òógùn àti eré ń kó sí i. Tí ẹsẹ̀ bá wúwo láìnídìí, tí èémí ń tètè gé, tí yìnyín ń wù ọ́ jẹ, lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. PCV, àyẹ̀wò tó ń wọn iye ẹ̀jẹ̀, nìkan kò tó, ó lè dára kí àpamọ́ áyọ́ọ̀nù ti gbẹ. Sọ fún wọn pé kí wọ́n yẹ ferritin wò, òun ló ń fi àpamọ́ náà hàn. Jẹ ẹ̀dọ̀, jẹ ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ọsàn, kí tíì dúró di wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Má kàn lọ ra oògùn ẹ̀jẹ̀ mu láìṣe àyẹ̀wò.

Wàyí o, owó. Líìgì àwọn obìnrin Australia, NRLW, bẹ̀rẹ̀ ní 2018 pẹ̀lú ẹgbẹ́ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré pẹ̀lú àṣekágbá, ìṣẹ́jú 60 ni ìdíje kan. Ó ti di ìṣẹ́jú 70, ẹgbẹ́ di 10 ní 2023, ó di 12 ní 2025. Àdéhùn ọlọ́dún márùn-ún tí wọ́n ṣe ní 2023 fi owó tó kéré jù sí dọ́là Australia 30,000 lọ́dún náà, tí yóò máa gòkè títí dé 50,600 ní 2027, pẹ̀lú ìlera àti ètò fún aláboyún. Má yára sọ ọ́ di náírà kí orí rẹ má baà wú: Australia lo máa ti ná an, ọ̀pọ̀ wọn sì ń ṣe tíṣà tàbí ọlọ́pàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní England, níbi tí Super League àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ ní 2017, Leeds Rhinos àti York Valkyrie wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń san nǹkan fún àwọn obìnrin wọn, kò sì tó owó oṣù. Ife Àgbáyé àwọn obìnrin ti wà láti 2000. New Zealand gba mẹ́ta àkọ́kọ́, Australia gba mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, nínú èyí tó kẹ́yìn nínú wọn, ó na New Zealand 54 sí 4 ní Old Trafford lọ́jọ́ 19 oṣù Kọkànlá 2022.

Kò sẹ́ni tó máa san owó oṣù fún ọ l'Abẹ́òkúta lórí líìgì. Nítorí náà, iṣẹ́ tí wákàtí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ ni kí o bá rìn: àdìrẹ ní Ìtòkú, aṣọ rírán, kíkọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ lọ́sàn-án. Èkó ni ìdíje pọ̀ sí, ọkọ̀ ojú irin sì wà láti Láàdérin. Ṣùgbọ́n wo àkókò rẹ̀ kí o tó ṣèlérí fún kóòṣì. Fún ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè, mọ̀ pé ẹni tí òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà lè gbá fún wa, àwọn tí wọ́n bí sí England yóò máa bá ọ du jẹ́sì. Kò burú, àwọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń dìde ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta.

Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n rí òun lókè òkun gbọ́dọ̀ ní fídíò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin tí o ti yan ibi tó dùn, àti ìdíje kan odindi tí wọn kò gé. Ibi gíga ni kí ẹni tó ń ya á dúró, kí mítà 10 tí o ń sá sẹ́yìn lè hàn, kí nọ́ńbà ẹ̀yìn jẹ́sì rẹ sì ṣeé kà. Àwọn tó ń yan èèyàn ò kàn ń wo tráì. Ohun tí o ṣe lẹ́yìn tákù kẹta rẹ léraléra ni wọ́n ń wá. Ka iye tákù tí o ṣe àti iye tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kí o kọ méjèèjì ránṣẹ́. Ẹni tó bá fi kìkì èyí tó dára ránṣẹ́, wọ́n á rí ìyókù nínú fídíò náà.

Éjẹ́ǹtì tó bá gba owó lọ́wọ́ rẹ kí ẹgbẹ́ kan tó pè ọ́, olè ni. Ìwé ìpè ń wá láti àdírẹ́sì ímeèlì ẹgbẹ́ fúnra wọn, o sì lè pe ọ́fíìsì wọn láti bèèrè. Físà àbẹ̀wò kò fún ọ láyè láti gbá bọ́ọ̀lù gbowó ní England; físà eléré ìdárayá wà, àjọ tó ń ṣàkóso eré náà níbẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i fún ọ. Nígbà tí kọ́ńtíráàtì bá dé, fo ojú ewé tí wọ́n kọ owó sí, kí o kọ́kọ́ wá ibi tí wọ́n kọ iye ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa fi san án sí, ẹni tó ni ilé tí o máa gbé lẹ́yìn tí ìdíje bá parí, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí o bá lóyún, àti ẹni tó máa san owó iṣẹ́ abẹ orúnkún tí ẹsẹ̀ bá ṣẹ́ nínú ìdánrawò, kì í ṣe nínú ìdíje nìkan. Tí gbólóhùn tó sọ̀rọ̀ ìdánrawò yẹn kò bá sí níbẹ̀, dá ìwé náà padà láìfọwọ́ sí i, kí wọ́n kọ ọ́ sí i.